Táyà Ló Ń Sáré, Kì Í Ṣe Ẹ́ńjìnì: Ohun tí Drag Racing Lè Kọ́ Wa Kí A Tó Ra Táyà

Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo jókòó sí, ní àdúgbò tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ẹ̀yin tó ń fi etí gbọ́ ètò yìí, ẹ óò máa gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tó ń kà á lórí fóònù, ẹ jẹ̀gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ táyà la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan nínú yín ń fi fídíò drag racing ránṣẹ́ sí mi: ọkọ̀ méjì lórí ìlà, iná yí padà, èéfín bo ojú ọ̀nà, kí a tó ṣẹ́jú wọ́n ti lọ. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, irú táyà wo ni kí n rà tí Muscle mi á fi máa já báyìí?” Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Muscle ni a ń pe Toyota Camry tó jáde láàárín 2007 sí 2011.

Màá dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Eegun èjìká mi òsì ti kán rí, ọ̀rọ̀ táyà ló sì fà á.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn

Ọ̀rẹ́ mi kan ra Muscle. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́, gíà rẹ̀ ń wọlé dáadáa, ó sì ti fi owó ńlá ṣe sáìlẹ́ńsà rẹ̀ kó lè máa bú bíi kìnnìún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, òun àti ẹnì kan tó ní Honda Evil Spirit bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ọkọ̀ tó yá jù. Ẹ mọ bí irú iyàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, títì ṣì ń dán. Èmi ni mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń fi fóònù ká fídíò.

Wọ́n ka ẹ̀ẹ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀rẹ́ mi tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnì ké, táyà iwájú ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa kò tètè kúrò níbi tó wà. Táyà kàn ń yí lásán bí ìrànwú. Honda ti lọ. Nígbà tí táyà tiwa wá di ilẹ̀ mú, inú ti bí ọ̀rẹ́ mi, ó sì ń lé e lọ. Ní iwájú, níbi tí omi àti iyanrìn ti kóra jọ sójú ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Ó yọ̀, ó yí ẹ̀yìn síwájú, ó sì wọ gọ́tà.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Èjìká mi ló kán. Ọ̀rẹ́ mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, títí di òní kò lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ká bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà àgbà kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka pa ẹrẹ̀ ara táyà kúrò, ó ní, “Ọmọ mi, wá ka nọ́ńbà yìí fún mi.” Mo kà á. Táyà náà ti pé ọdún mẹ́wàá. Tòkunbọ̀ ni, ilà ojú rẹ̀ ṣì jìn, ó sì ń dán bí tuntun. Ẹni tó tà á fún ọ̀rẹ́ mi sọ pé kò tíì rìn rárá. Òótọ́ ló sọ. Kò rìn, ó kàn gbó ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ nípa táyà. Ohun tí mo kọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ẹ́ńjìnì kan ń yí táyà ni. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú, tó ń yà á sọ́tùn-ún sósì, tó sì ń dá a dúró, kò ju ibi kékeré tí táyà ti fẹnu kan ilẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní drag racing gan-an?

Ọkọ̀ méjì, ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, kò sí kọ́nà kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Ìwọ̀n ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin máìlì kan, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402. Ẹ fojú inú wo pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò tẹ̀léra.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré yìí lójú títì lóru, wọ́n sì ń kú. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ láti kó wọn kúrò ní títì lọ sí pápá tó ní òfin. Lónìí, àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Top Fuel, ní agbára tó ju ti ẹṣin 11,000 lọ. Camry yín kò ní tó 300. Wọ́n ń sáré ju kìlómítà 530 láàárín wákàtí kan, eré náà sì ń parí kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tó pé. Antron Brown, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló gba ife-ẹ̀yẹ Top Fuel ní 2012. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á, ó sì tún ti gbà á lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹ wò ó, pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, táyà ni orí ìyọnu wọn. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Top Fuel fẹ̀ ju ínṣì 17 lọ. Kò ní ilà kankan lójú, ó dán bí awọ ìlù. Orúkọ irú táyà bẹ́ẹ̀ ni slick. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó géèjì 10, nígbà tí ti ọkọ̀ tiwa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 30 sí 35. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gbéra, ẹ̀gbẹ́ táyà náà á ká jọ bí aṣọ tí a kò lọ̀, rọ́bà rẹ̀ á sì tẹ́ sílẹ̀ láti fara mọ́ ọ̀dà.

Èéfín tí ẹ ń rí nínú fídíò náà kì í ṣe fáàrí lásán. Wọ́n á da omi sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yí táyà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí yóò fi gbóná. Ó ń fọ iyanrìn àti ìdọ̀tí kúrò lójú táyà, ó ń mú kí rọ́bà náà rọ̀, ó sì ń fi rọ́bà tẹ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ fẹ́ gbà gbéra. Ojú pápá fúnra rẹ̀, wọ́n ti fi oògùn kan tó lẹ̀ bí àtè ẹyẹ fọ́n ọn. Bí ènìyàn bá rìn níbẹ̀, bàtà lè bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí: kì í ṣe táyà nìkan ni wọ́n ṣe. Táyà, ooru àti ilẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣe papọ̀. Ẹni tó bá ra táyà slick wá sí Òṣogbo ti mú ìdá kan nínú mẹ́ta wá, ó ti gbàgbé ìdá méjì. Bí òjò bá sì rọ̀, kò sí ilà kankan tí omi lè gbà jáde lábẹ́ táyà náà. Yóò máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ọkọ̀ yín wúwo tó kìlógíráàmù 1,500. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ìyẹn nǹkan bíi 375 fún táyà kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní géèjì 32, ibi tí táyà kan ti kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 níbùú àti 13 lóòró. Àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà nìyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló di ẹ̀yin, ìyàwó yín, àwọn ọmọ yín àti ẹrù yín mú sórí títì Iléṣà.

Báwo ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn ṣe ń di ilẹ̀ mú? Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá àwọn ènìyàn ti ọkọ̀ tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pẹ̀lẹ́, tí ẹ sì ń fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á lọ. Bí ẹ bá kàn já lu ọkọ̀ náà lójijì, bàtà yín á yọ̀, bó bá sì ti yọ̀ báyìí, ó máa ń ṣòro láti tún ilẹ̀ dì mú. Bí táyà ṣe rí náà nìyẹn. Táyà tó ń yí pẹ̀lú ilẹ̀ ní agbára láti di ilẹ̀ mú ju táyà tó ti ń yọ̀ lọ. Àwọn bàbá wa kò wa ọkọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti parí rẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sáré drag fi ń wo mítà 18 àkọ́kọ́ jù. Wọ́n ń wọn àkókò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá yí lásán níbẹ̀, ó ṣòro kó tó rí i san padà níwájú.

Nǹkan kan ṣì kù. Nígbà tí dírẹ́bà kòrópé bá já ọkọ̀ síwájú lójijì, ibo ni gbogbo èrò ń wó sí? Ẹ̀yìn ni. Ìwúwo ọkọ̀ náà ń wó sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń yí, èyí dára, nítorí ìwúwo ń tẹ táyà tó ń ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Camry, Corolla àti Accord tó pọ̀ jù ní ìlú wa, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì wọn ń yí. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́tù tó, bẹ́ẹ̀ ni iwájú ń fúyẹ́ tó. Ẹ́ńjìnì ń béèrè iṣẹ́ púpọ̀ sí i lọ́wọ́ táyà tó ń fò kúrò nílẹ̀. Ohun tó dé bá ọ̀rẹ́ mi lórí ìlà nìyẹn. Kì í ṣe pé Muscle rẹ̀ kò lágbára. Agbára náà ti pọ̀ ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó gbó lè gbà.

Bí a ṣe ń ka táyà kí a tó sanwó

Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ wà lára táyà náà. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ lára Corolla: 195/65 R15 91H.

195 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. R sọ bí wọ́n ṣe hun okùn inú rẹ̀. 15 ni rímù tó gbà á, ní ínṣì. 91 ni ẹrù tó lè gbé, ìyẹn kìlógíráàmù 615 fún ẹyọ táyà kan. H ni eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìyẹn kìlómítà 210 láàárín wákàtí kan. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240. Ẹni tó fẹ́ sáré tó ra T nítorí owó pọ́ọ́kú, ó ti ra òpin eré tirẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ẹ wá DOT. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 2423, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ sọ pé kí wọ́n yí i kí ẹ wo inú. Àwọn FRSC máa ń sọ fún wa pé ọdún mẹ́rin ni kí a lo táyà mọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń mú kí rọ́bà le, kó sì máa sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pẹpẹ ló wà. Rọ́bà tó ti le kò lè tẹ́ mọ́ ilẹ̀ mọ́. Ilà ojú rẹ̀ lè jìn bíi kànga, yóò ṣì máa yọ̀.

Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ óò tún rí Treadwear àti nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà kékeré, bíi 200, túmọ̀ sí rọ́bà tó rọ̀: ó ń di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jẹ. Nọ́ńbà ńlá, bíi 500 tàbí 600, túmọ̀ sí rọ́bà tó le tó ń pẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà tirẹ̀ ní nọ́ńbà yìí, nítorí náà ẹ fi wọn wéra láàárín orúkọ kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Traction wà: AA ló dára jù, lẹ́yìn náà A, B àti C. Ìdúró lórí ilẹ̀ tútù nìkan ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń já. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ bí tiwa, ìdúró lórí ilẹ̀ tútù gan-an la fẹ́.

Táyà tí mo lè gbà yín níyànjú láti rà nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ràn eré, tí ẹ sì lówó rẹ̀, ẹ wá táyà ìgbà ooru tó ní rọ́bà rírọ̀ àti ilà tó jìn, Treadwear bíi 300, Traction AA tàbí A. Drag radial, ìyẹn táyà drag tí òfin Amẹ́ríkà gbà ní títì, ilà ojú rẹ̀ kéré, ó sì máa ń tètè jẹ tán. Nínú òjò wa, ewu ni. Bí ẹ kò bá sì lówó púpọ̀, táyà tuntun tí kò lórúkọ ńlá, tí ọdún rẹ̀ ṣì kéré, dára ju tòkunbọ̀ olórúkọ tó ti gbó lọ.

Tòkunbọ̀, àti táyà yìnyín ní Òṣogbo

Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà fúnra wa. Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, igi rọ́bà sì ń bẹ lóko wa. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun la ń wò. Táyà àlòkù ti ọkọ̀ kékeré wà nínú àwọn ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó wọlé, síbẹ̀ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ óò rí i tí wọ́n tò ó bí iṣu lórí àká.

Mo mọ̀ pé owó ni. N kò ní bú ẹni tó ra tòkunbọ̀, èmi náà ti rà á rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bíi Jámánì, ní táyà ìgbà yìnyín lọ́tọ̀. Ẹ óò rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn yìnyín nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe rọ́bà rẹ̀ kó lè máa rọ̀ nígbà tí òtútù bá wà ní ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀. Ní Òṣogbo, ibo la ti fẹ́ rí ìwọ̀n 7, àfi inú fíríìjì? Lórí ọ̀dà wa tó ń gbóná, rọ́bà náà á rọ̀ jù, ọkọ̀ á máa fì nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú u, táyà á sì jẹ kíákíá. Ó lè lẹ́wà, ilà rẹ̀ lè jìn, owó rẹ̀ lè kéré. Bí ẹ bá ti rí àwòrán òkè yẹn, ẹ kọjá.

Bí táyà yín ṣe lè di ilẹ̀ mú sí i láìná owó púpọ̀

Èkíní ni afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà tó yẹ wà lára irin ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Nọ́ńbà tó wà lára táyà jẹ́ èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tí ẹ máa fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Àwọn fọ́kanáísà kan máa ń pọn ọ́n dé 40 “kó lè le dáadáa”. Bó bá ti le jù, àárín nìkan ló ń kan ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ yín ti di ìka. Àwọn mìíràn ti wo fídíò drag, wọ́n sì ń yọ afẹ́fẹ́ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n ṣe táyà drag kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ká, wọ́n sì ń fi í sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré. Táyà tiyín, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré lórí ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, á máa gbóná, títí yóò fi bẹ́.

Èkejì ni ilà ojú táyà. Bó bá ti kù mìlímítà 1.6, ó ti parí. Nínú ilà náà, ẹ óò rí àwọn rọ́bà kéékèèké tó yọ sókè. Bí ojú táyà bá ti dọ́gba pẹ̀lú wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ilà ni láti lé omi kúrò. Bí omi bá pọ̀ ju ohun tí ilà lè lé lọ, táyà á gun orí omi, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ẹ di sítíárìn mú sí ọ̀gbọọrọ.

Ẹ̀kẹta, bí owó táyà méjì péré bá wà, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí. Bí iwájú bá yọ̀, ẹ dín eré kù, ó lè padà bọ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí, kì í sábà dúró gbọ́ àlàyé.

Ẹ̀kẹrin, ṣọ́ọ̀kì àti aláínmẹ́ǹtì. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ń jẹ́ kí táyà máa fò lórí ihò títì. Táyà tó wà lófuurufú kò di ohunkóhun mú.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹsẹ̀ yín, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní bọ́tìnnì tó ń dá táyà lẹ́kun láti má yí lásán, ẹ má pa á nítorí fáàrí. Òun ló ń ṣe ẹ̀sọ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá gbàgbé.

Ibi tí eré ti ń parí

Ní oṣù kẹfà 2008, Scott Kalitta, gbajúmọ̀ nínú eré drag ní Amẹ́ríkà, kú nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró ní òpin pápá. Pápá tó ní ògiri, ọkọ̀ pàjáwìrì, àti àyè láti dúró ni o. Lẹ́yìn náà ni NHRA gé ọ̀nà náà kù fún àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù, láti mítà 402 sí nǹkan bíi 305, kí àyè ìdúró lè gùn sí i.

Ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn wò. Àwọn tó mọ eré yìí jù láyé, nígbà tí wọ́n wo ikú náà, àyè ìdúró ni wọ́n fi kún un. Títì tiwa ńkọ́? Ewúrẹ́ ń kọjá, ọmọ yunifásítì ń kọjá pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ọ̀kadà kò tan iná, gọ́tà kò ní ìdérí. Kò sí àyè ìdúró níbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó wá ibi tí wọ́n ti ti ọ̀nà, tí àṣíborí àti ọkọ̀ pàjáwìrì wà. Bí kò bá sí, kó dúró títí yóò fi sí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò dùn. Ó dùn ju kí wọ́n máa to eegun èjìká yín lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó béèrè irú táyà tí Muscle yín á fi máa já: táyà tó kéré lọ́jọ́ orí, tí rọ́bà rẹ̀ ṣì rọ̀, tí ilà rẹ̀ jìn, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Táyà náà gan-an ni yóò dá yín dúró nígbà tí ọmọdé bá sáré jáde. Kò sí táyà kan fún eré àti òmíràn fún ìyè.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí a tó tún pàdé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín, tàbí ti bàbá yín, tàbí ti Úbà tó gbé yín délé. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ti ra ọkọ̀ mìíràn báyìí. Kó tó wo ẹ́ńjìnì, ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Ó pẹ́ kó tó dìde, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó kà á tán.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti Òkè-Baálẹ̀. Ẹ máa rọra o.